Ìwé Ìwọlé, Ìwé Ìgbélùú

[Fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ariwo ọjà tẹ̀lé e, kó rọlẹ̀ lábẹ́ ohùn.]

OLÙSỌ̀TÀN: Ètò àkànṣe tòní gúnlẹ̀ sí Ìnísà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà la fẹ́ sọ, nítorí pé ìlú tó mọ àjò nìlú yìí.

Nígbà tó fi máa di 1909, ojú irin láti Èkó ti gba Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó ti dé Jẹ́bà. Ọ̀nà àjò jíjìn là fún àwọn ará ibí. Bí ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ẹ̀jìgbò ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ Ìnísà àti Òkukù náà ń forí lé Gold Coast, ilẹ̀ tó ń jẹ́ Gánà lónìí. Ẹni tó bá ti dé Èkó yóò wá lọ́rì tó ń gba Kútọnu àti Lómè kọjá. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́ àti wosiwósí ni wọ́n ń tà, láti Accra dé Kumasi, títí dé Tamale lókè lọ́hùn-ún.

Ta ló ń béèrè ìwé nígbà náà? Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe ìjọba níhìn-ín, òun náà ló ń ṣe é lọ́hùn-ún. Owó kan náà ni wọ́n ń ná. Ẹni tó bá ti rí owó ọkọ̀ san, ó ti lọ nìyẹn.

[Ìlù, díẹ̀.]

Gánà gba òmìnira ní 1957, Nàìjíríà gbà á ní 1960. Nígbà tí Gánà ka àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́dún 1960 yẹn, Yorùbá ibẹ̀ tó nǹkan bí 100,000. Ní 1963, òfin dé pé kí àjèjì tó ń gbé ìlú náà gba ìwé ìgbélùú. Ọ̀pọ̀ ò ka òfin náà sí. Wọ́n ti bímọ síbẹ̀, wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn ò sì mọ̀ ju orúkọ ìlú bàbá wọn lọ.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kẹ́rù ẹ̀ kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó tajà àwìn ò ráyè sin gbèsè. Ẹni tí ọjà kún ìsọ̀ rẹ̀ tà á ní gbàǹjo. Yorùbá ní àjò ò dùn kónílé má relé, àmọ́ ìrelé tọdún yẹn kì í ṣe ti ẹni tó múra ilé.

Ẹ kíyè sí i: kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe wọlé. Ìwé tí wọ́n fi ń gbé ìlú náà ni wọ́n béèrè.

[Ariwo mọ́tò ní ibodè.]

Ní 1975, wọ́n dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní ìwé ìrìnnà tó péye àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára lè wọ ìlú ara wọn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ará Gánà ya wọ Nàìjíríà lásìkò owó epo. Ní oṣù Kìíní 1983, ó kan ìjọba Shehu Shagari láti sọ pé kí àwọn tí kò níwèé máa lọ. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò tí wọ́n fi kẹ́rù ni à ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Àdéhùn ECOWAS gbà wọ́n láàyè láti wọlé. 90 ọjọ́ rẹ̀ ló ti tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà yìí kan ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lónìí náà. Ká ní ọkọ̀ gbéra ní Barcelona, ó yà sí Tunis, ó sì ń padà bọ̀ ní Ítálì. Físà Schengen ni Spéènì àti Ítálì jọ ń lò, Tunis kò sí níbẹ̀. Bí físà rẹ bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, o ti lo ìwọlé kan yẹn lọ́jọ́ tí o wọ Spéènì. Owó ọkọ̀ tí o san ò lè mú ọ wọ Ítálì. Ní oṣù Keje 2025, Amẹ́ríkà náà kéde pé físà àbẹ̀wò tí wọ́n bá ń fún ọmọ Nàìjíríà yóò di ti oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré.

Nítorí náà, yálà Kumasi lẹ ń lọ tàbí Barcelona, ẹ bi ìwé ọwọ́ yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Ìlú wo ló lè mú mi wọ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè wọ̀ ọ́? Ọjọ́ mélòó ni mo lè lò níbẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé mìíràn lẹ máa gbà, ọjọ́ tára rọ̀ sì ni ká ti gbà á.

[Ìlù gòkè, ó parí.]