Aṣọ Wo Ni Ó Yẹ Àlejò Oúnjẹ Alẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ìlọrin

  Ọ̀rọ̀ tí a fún mi láti sọ lálẹ́ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò fojú kékeré wo aṣọ. Àwọn ni wọ́n sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí àlejò bá wọlé, kí ó tó la ẹnu, aṣọ ọrùn rẹ̀ ti bá a kí onílé.

Ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ yìí kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà àtijọ́, bí a bá pe ènìyàn sí àsè, ó mọ èyí tí yóò wọ̀: ìgbéyàwó ní tirẹ̀, ìwúyè ní tirẹ̀, ọdún Iléyá ní tirẹ̀. Ní ìsinsìnyí, irú ìpè mìíràn ti dé. Ọ̀rẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò níbi iṣẹ́, tàbí tí ó gba àlejò láti òkèèrè, a pe ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún kí wọ́n wá bá òun jẹun lẹ́yìn ìrun alẹ́. Kì í ṣe àríyá, kò sí onílù níbẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kí á kàn yà wá jẹ iyán kí á sì máa lọ. A sì kọ ọ́ sínú káàdì ìpè, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé kí àlejò múra kí ó dára, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe múra bí ẹni tí ń lọ sí ayẹyẹ ńlá.

Ibẹ̀ ni ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan a gbé kóòtù àti táì wọ̀, ooru oṣù Kẹta ti ìlú yìí a sì mú un, a máa nu òógùn nígbà tí ó yẹ kí ó máa sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn a gbé agbádá tí ó fi jẹ oyè wọ̀, a sì nìkan gba àga méjì. Ẹnì kẹta a ní níwọ̀n bí wọn kò ti pè é ní ayẹyẹ, ṣẹ́ẹ̀tì tí òun fi ń lọ sí ọjà náà ti tó, a sì dójú ti ẹni tí ó pè é. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ ṣe dáadáa, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ṣe é nínú wọn.

Èmi rò pé àìsàn yìí kò sí lára aṣọ wa rárá; inú èdè tí a fi kọ káàdì ni ó wà. Aṣọ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa ní ìpele, ó sì ní èyí tí ó bá irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ mu gẹ́gẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kan kúrò lọ́nà, èyíinì ni ẹ̀rù pé bí a bá wọ aṣọ wa lọ sí ibi tí àwọn ọ̀làjú gbé ń jẹun, wọn yóò pè wá ní ará oko. Ẹ̀rù yìí ti pẹ́. Ní ìlú Èkó, láàárín 1880 sí 1900, àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ a máa wọ kóòtù dúdú tí a fi irun àgùntàn hun lọ sí oúnjẹ alẹ́, nínú ooru etí òkun. Nígbà náà ni ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Brown Vincent, oníwàásù nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní 1894 ó pa orúkọ náà tì, ó ń jẹ́ Mojọlá Agbẹ̀bí, aṣọ ilẹ̀ wa sì ni ó yàn fún ara rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ rin ìrìn-àjò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, kò tìtorí ojú àwọn onílé pààrọ̀ rẹ̀. Ní 1904, Aláké Gbádébọ̀ Kìn-ín-ní ti Abẹ́òkúta lọ sí London, ó sì fi aṣọ ọba Ẹ̀gbá pàdé Ọba Edward Keje. Ní 1934, Sultan Sókótó, Ẹ́míà Gwandu àti Ẹ́míà Kano lọ sí ìlú kan náà pẹ̀lú rìgá àti láwàní wọn. Kò sí ẹni tí ó lé èyíkéyìí nínú wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí òun wọ̀, tí ó sì wọ̀ ọ́ dé ojú àmì, kò sí àga tí kò lè jókòó lé.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe tìtorí èyí rò pé aṣọ ìbílẹ̀ tí ó bá ti tóbi jù lọ ni ó dára jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé Ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ọkùnrin, ó ka ẹ̀wù ńlá sí oríṣi mẹ́ta: sùlíà, agbádá àti gìrìkè. Sùlíà ni ó kéré jù, tí ó fúyẹ́ jù, tí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Agbádá tóbi jù ú lọ, aṣọ rẹ̀ sì nípọn jù. Gìrìkè wúwo ju agbádá, ó kún fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. 

Ẹ ṣàkíyèsí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ọlọ́rọ̀ ni ó ni ti òkè, tí òtòṣì ni ti ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan náà lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú àpótí, kí ó sì wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ rẹ̀. Ohun tí káàdì Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ gígùn wá kiri, àwọn baba wa ti ní orúkọ fún un: ẹ̀wù tí ó ju ti ilé lọ, tí kò sì tó ti ọjọ́ oyè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ òde òní kò gbọ́ orúkọ sùlíà rí, agbádá nìkan ni wọ́n mọ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń rò pé bí kò bá ṣe agbádá, àfi kóòtù.

Ìlú wa Ìlọrin tilẹ̀ ní ànfààní tí ìlú mìíràn kò ní. Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Nupe àti Kànúrí ni wọ́n pàdé ara wọn níhìn-ín, olúkúlùkù sì gbé ẹ̀wù tirẹ̀ dání wá. Bí rìgá ti wà ni bùbá àti ṣòkòtò wà; bí láwàní àwọn àlùfáà ti wà ni fìlà abetí-ajá wà. A kò ṣe aláìní ohun tí a ó yàn. Ìmọ̀ bí a ti ń yan ni ó fẹ́ sọnù.

Mo fẹ́ gbé ìbéèrè mẹ́rin síwájú yín, tí ẹni tí a pè yẹ kí ó bi ara rẹ̀ kí ó tó ṣí àpótí.

Èkíní: ta ni ó pè mí, kí sì ni ó pè mí sí? Bí onílé yóò bá wọ bùbá àti ṣòkòtò, tí àlejò sì gbé gìrìkè wọ̀, àlejò náà ti gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Èkejì: àwọn wo ni yóò wà níbẹ̀? Bí àgbà ìjòyè yóò bá wà níbi àsè, kò yẹ kí ọ̀dọ́ múra jù ú lọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹ̀kẹta: báwo ni a ó ti jẹun, ìgbà wo nínú ọdún sì ni? Alálà funfun kì í jókòó sí ìsọ̀ elépo. Apá ẹ̀wù tí ó gbòòrò a máa wọnú àwo gbẹ̀gìrì, ẹni tí ó sì ń ká apá lé èjìká ní ìgbà gbogbo kò ní gbádùn ọbẹ̀. Aṣọ tí ó nípọn yẹ àkókò ọyẹ́; nígbà ooru, òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí á wá.

Ẹ̀kẹrin: ṣé owó mi ká a? Aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn, aṣọ tí a jẹ gbèsè rà kò sì sàn jù ú lọ. Oúnjẹ alẹ́ kan kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ sá fún olówó.

Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò rí i pé ọ̀nà kò jìn. Fún ọkùnrin, bùbá àti ṣòkòtò tí a rán dáadáa, tí a sì lọ̀ kí ó dán, pẹ̀lú fìlà àti bàtà aláwọ, ti tó. Bí ó bá jẹ́ olóyè tàbí àgbà, kí ó fi ẹ̀wù fífúyẹ́ kan lé e, ní ìwọ̀n sùlíà. Fún àwọn ìyá wa, ìró àti bùbá, gèlè tí a wé níwọ̀n, àti ìborùn kan ní èjìká.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun náà ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Nàìjíríà ni ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì báyìí, a sì ń yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n níbo ni a ti hun aṣọ náà? Láti nǹkan bí 1960 ni àwọn ará Lustenau ní ilẹ̀ Austria ti ń ṣe lẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí wa. Àǹkárá tí ó lórúkọ jù, láti ọ̀dọ̀ Vlisco ni, ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1846 ní Helmond ní ilẹ̀ Họ́láńdì. N kò bú wọn. Aṣọ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìbílẹ̀ tí a rán ní Ìlọrin, tí a hun ní Austria, ìdajì ìbílẹ̀ ni.

Àwọn ahunṣọ sì wà láàárín wa. Wọ́n jókòó ti òfì, wọ́n ń hun ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju bí àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀, a sì ń rán ọ̀já mọ́ ọ̀já títí yóò fi di aṣọ. Etù ń bẹ, tí aró mú dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ etù. Sányán ń bẹ, láti ara òwú kòkòrò inú igbó. Àlàárì pupa ń bẹ, tí òwú sẹ́dà rẹ̀ ti la aṣálẹ̀ kọjá láti Tripoli wá sí Kano nígbà kan rí. Ẹ rántí ìlẹ̀kẹ̀ lántánà. Àwọn ará Ìlọrin ni ń gbẹ́ òkúta pupa yẹn, tí wọ́n ń lu ú, tí wọ́n ń dán an, tí a sì ń wá rà á láti ìlú jíjìn. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òkèèrè kún ọjà, àwọn oníbàárà lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ oníṣẹ́ sì wá iṣẹ́ mìíràn. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ pé kí iṣẹ́ náà kú. Àìrà wa ni ó pa á.

Ní 1931, Gandhi ti ilẹ̀ Íńdíà fi aṣọ òwú tí a ran lọ́wọ́ wọ ààfin Buckingham láti bá ọba Gẹ̀ẹ́sì mu tíì. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré: kí olúkúlùkù wa ní fìlà òfì kan, kí ìyàwó rẹ̀ sì ní ìborùn òfì kan, tí a hun ní ìlú yìí. Fìlà kò gba aṣọ púpọ̀, owó rẹ̀ kò pa ni, ooru rẹ̀ kò pọ̀. Lórí bùbá funfun lásán, òun nìkan tó láti sọ fún onílé pé a bọ̀wọ̀ fún ìpè rẹ̀, kí ó sì sọ fún àlejò òkèèrè pé ìlú tí ń hunṣọ ni a ti wá.

Bí káàdì bá tún dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe dààmú lórí èdè inú rẹ̀. Ẹ wo onílé, ẹ wo àgbà, ẹ wo àsìkò, ẹ wo àpò yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀dọ̀ ahunṣọ.  Aṣọ yóò pẹ́ lọ́rùn wa o.