Ìwọ̀n àti Àkókò: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀rọ Tí Ń Mu Epo

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni iná mànàmáná fi di àwátì ní Òkìtìpupa àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká; nítorí náà jẹnẹrétọ̀ di ohun èlò ilé bí ìkòkò àti odó. Ẹ̀rọ ni a fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Òun kan náà ni ó ń ti ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Ìlàjẹ. Ó sì yẹ kí ẹni tí ó ń bá ohun kan gbélé mọ ìwà rẹ̀.

Ọgbọ́n ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: ìwọ̀n àti àkókò. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ epo ni ó ń fún ẹ̀rọ ní agbára. Ẹni tí ó bá ń dáná mọ̀ pé bí a bá ki igi kún ààrò títí afẹ́fẹ́ kò fi rí ọ̀nà wọlé, èéfín ni yóò pọ̀, ọbẹ̀ kò sì ní í hó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ẹ̀rọ. Bí a bá gbé epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ lé òṣùwọ̀n, ìwọ̀n epo 1 ń fẹ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 kí ó tó lè jó tán.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni ẹ̀rọ ń ṣe léraléra: ó ń fa afẹ́fẹ́ àti oru epo wọlé, ó ń fún wọn pọ̀, iná ń ràn wọ́n kí agbára wọn lè ti irin, lẹ́yìn náà ni ó ń tú èéfín síta. Nikolaus Otto, ará Jámánì, ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ó ń tẹ̀lé ètò yìí ní 1876. Jẹnẹrétọ̀ irú èyí a máa yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń fẹ́ iná lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Èyí ni pé iná gbọ́dọ̀ ràn ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo! Bí ó bá yá jù tàbí tí ó pẹ́ jù, agbára sọnù.

Báwo ni a ṣe rí iná tí ó yára tó bẹ́ẹ̀? Ní 1860, Lenoir ti lo ẹ̀ta iná mànàmáná nínú ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Otto lo ọwọ́ iná tí ń jó; Daimler àti Maybach lo ọ̀pá irin kékeré tí a mú gbóná. Ní 1902 ni Gottlob Honold, tí ń bá Robert Bosch ṣiṣẹ́, so irin òòfà mọ́ púlọ́ọ̀gì, tí iná mànàmáná líle sì ń ta láàárín ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ọmọ yín bá fa okùn jẹnẹrétọ̀, tí ó jí láìsí bátìrì, òòfà ni ó ṣe é.

Ní ti epo, Maybach ṣe kábúrétọ̀ kan ní 1893: afẹ́fẹ́ ń sáré gba ọ̀nà tóóró kọjá, ó sì ń fa epo jáde láti ihò kékeré bí ìrì. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú jẹnẹrétọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ kò ní ojú. Bí ìdọ̀tí bá dí asẹ́ afẹ́fẹ́, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dín epo kù. Nítorí náà ni Bosch ṣe mú ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná díwọ̀n epo jáde ní 1967. Ní 1976 ẹ̀wẹ̀, a fi ohun kan sí ojú ọ̀nà èéfín ọkọ̀, tí ń wo ìyókù ọ́síjìn, tí ó sì ń jẹ́ kí a dín epo kù tàbí kí a fi kún un.

Rudolf Diesel gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rọ rẹ̀, tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897, kò fẹ́ púlọ́ọ̀gì: a fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí ó fi gbóná gidigidi, a sì tu epo sí i ní àkókò rẹ̀. Ní ìpàtẹ ńlá ti Paris ní 1900, òróró ẹ̀pà ni a fi wa ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko ọ̀pẹ, ẹ gbọ́ èyí: ní 1938, bọ́ọ̀sì kan ní Bẹ́ljíọ̀mù rin láti Brussels dé Louvain pẹ̀lú epo pupa tí a ti fi ọgbọ́n yí padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da epo pupa lásán sínú ẹ̀rọ, nítorí ó ki jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù ní Òkìtìpupa, iṣẹ́ ń bẹ níhìn-ín fún yín.

Níkẹyìn, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó wúwo jù. Olùṣọ́ tí ó wà nínú ọkọ̀ titun kò sí nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré wa. Èyí tí a ń po epo ẹ́ńjìnnì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, tí a ń pè ní “I pass my neighbour”, a tilẹ̀ máa tú epo tí kò jó síta. Nígbà tí epo kò bá jó tán, carbon monoxide ni ó ń bá èéfín jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó sùn kì í jí. Ìdílé odindi ti bá a lọ ní ilẹ̀ wa, nítorí pé wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má baà jí i.

Ará, àwa fúnra wa ni a gbọ́dọ̀ ṣe olùṣọ́ náà. Ẹ máa fọ asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ máa nu púlọ́ọ̀gì, ẹ má sì fojú fo èéfín dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó mọ́ jù lọ pàápàá lè pani nínú ilé. Ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Kí ẹ sì fi ṣẹ́ẹ́nì dè é nítorí olè. Bí orí bá ń fọ́ ará ilé, tí òòyì sì ń kọ́ wọn nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ kó gbogbo wọn jáde kíákíá. A lè ra jẹnẹrétọ̀ mìíràn. A kò lè ra ọmọ.