Iṣẹ́ Ọwọ́ Ìdílé Wa

Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ tí a ti fi ohùn ṣọ̀kan láti fi rántí ìtàn ìlú àti iṣẹ́ ọwọ́ ìdílé gbogbo, tí ẹnikẹ́ni kì yóò san owó kí ó tó wò. Àwọn kan bi wá pé, èé ṣe tí a kò gba owó ní ẹnu-ọ̀nà, nígbà tí òrùlé ilé ìsìn ń fẹ́ àtúnṣe? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà Èsìẹ́ dáhùn.

Púpọ̀ nínú yín ni ó ti fojú rí àwọn ère òkúta Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa yìí. Wọ́n ju 1,000 lọ, ọkùnrin àti obìnrin, ẹlòmíràn jókòó lórí àpótí, ẹlòmíràn di idà mú. Ní 1933 ni ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S., jẹ́ kí òkìkí wọn kàn (àwọn ará Èsìẹ́ kò retí kí ẹnikẹ́ni bá wọn rí i, nítorí wọ́n ti ń ṣọ́ wọn nínú igbó, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn). Ní 1945 a ní ilé fún wọn, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbẹ́ wọn? Àwọn àgbà ní àlejò ni wọ́n tí wọ́n di òkúta. Àwọn onímọ̀ wá, wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n kọ ìwé, kò sì sí ìdílé kan tí ó jáde wí pé, baba ńlá wa ni. Òkúta kù, ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ ti sọnù.

Ẹ fi èyí wé Àrèógún ti Òsì, agbẹ́gilére tí ó kú ní 1954. Báńdélé ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ̀ Báńdélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni Lámídì Fákẹ́yẹ sì ti kọ́ṣẹ́, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Ìgbómìnà bíi tiwa, ẹni tí ilé baba rẹ̀ náà jẹ́ ilé agbẹ́gilére. Lámídì kú ní 2009, lẹ́yìn tí òun náà ti kọ́ ẹlòmíràn ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Níhìn-ín, kíjìpá ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Nígbà tí ìyá wa àgbà kú, àwa fúnra wa ni a fi igi òfì rẹ̀ dáná. Igi gbígbẹ ni a pè é. Aró rẹ̀ ńkọ́? A mọ̀ pé ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún tí wọ́n ń sá, pé omi eérú tí a sẹ́ ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá a máa fi ìka tọ́ omi náà wò kí ó tó wí pé ó tó. Ìtọ́wò yẹn bá a lọ.

Bí a bá gba owó ní ẹnu-ọ̀nà, àwọn olówó yóò wọlé, wọn yóò ra aṣọ, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò lọ. Ọmọ tí a ń wá, tí yóò jókòó ti ìyá aláró títí ahọ́n rẹ̀ yóò fi mọ eérú, kò ní náírà kan lọ́wọ́. Nítorí rẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ohun ìbọ ni a ń gbé padà. A mọ̀ pé àwọn aláró àtijọ́ a máa ké pe Ìyá Mọ̀pó. A kò pe ẹnikẹ́ni sí ìyẹn. Ewé ẹ̀lú kan náà ni.

Ìyá mẹ́ta ni ó kù ní agboolé tiwa tí ó lè hun kíjìpá, àbúrò wọn pátápátá sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ti gbà láti jókòó. Alágbẹ̀dẹ yóò gbé ẹwìrì rẹ̀ jáde. Ẹ mú àwọn ọmọ wá, kí wọ́n sì tètè dé, nítorí òwúrọ̀ ni wọ́n ń sẹ́ eérú.