Kọ̀ǹpútà Wo La Ó Fi Ṣe Ìwé Ìròyìn Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)

Ẹ rán wa níṣẹ́ pé kí á wò ó bóyá Mac ni kí ẹgbẹ́ rà tàbí kí á dúró ti Windows, kí á lè máa to ìwé ìròyìn àti ìwé ètò ìnáwó wa fúnra wa. Àbọ̀ iṣẹ́ náà la mú wá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ẹ kò tíì gbàgbé ìwé ètò ìsìnkú tí a ṣe fún ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa. Orí Mac ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa la ti tò ó, ó sì dùn ún wò. Windows ni wọ́n ń lò ní ilé ìtẹ̀wé tí a fi í ránṣẹ́ sí, wọn kò sì ní fọ́ǹtì tí a lò, ìyẹn àwòrán lẹ́tà. Àwa náà kò fi í kún un. Òṣìṣẹ́ wọn rí àpótí òfìfo níbi tí ẹ àti ọ yẹ kó wà, ó bá fi e àti o lásán dí i. Báyìí ni ìyá tó ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣe di ẹni tó ṣọ̀fọ̀ oko. Àwọn ọmọ olóògbé kò bá wa jà, ṣùgbọ́n wọn kò pín ìwé náà. Ojú tì wá.

Àwọn kan ní Mac nìkan ni atẹ̀wé gidi ń lò. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìdí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ní ọdún 1985, PageMaker ti Aldus jáde fún Macintosh. Òun àti ẹ̀rọ LaserWriter ti Apple ló sọ orí tábìlì di ilé ìtẹ̀wé. Ọdún 1987 ni PageMaker tó dé orí Windows. Lónìí, InDesign ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í tán ní sísan. Scribus náà ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni. Publisher tí a ti ń lò kò mọ ibòmíràn ju Windows lọ, Microsoft sì ti kéde pé oṣù kẹwàá ọdún 2026 ni àtìlẹ́yìn rẹ̀ dópin. Ó yẹ kí á kó ẹrù wa kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni fọ́ǹtì. Láyé àtijọ́, àwọn kan a máa ya ẹ sí àyè àmì mìíràn; bí fáìlì bá ti kúrò lórí ẹ̀rọ wọn, àmì yẹn ni yóò jáde. Unicode ló tún un ṣe: ẹ ní nọ́ńbà kan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ńṣe là ń gbé àmì ohùn lé ẹ lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n gbé, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò sọ ọ́ sí. Gentium àti Charis mọ̀ ọ́n gbé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí Mac àti Windows.

Àwọn àgbà ní bí a gún iyán nínú odó ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ìmọ̀ràn wa rèé:

Kí á má ra Mac. Kí á lo Windows tí a ní, pẹ̀lú Scribus 1.6 tó jáde ní ọdún 2024 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e.

Kí á má fi fáìlì lásán ránṣẹ́ sí atẹ̀wé mọ́. PDF ni kí á máa fi ránṣẹ́, kí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀.

Kí á máa gba ojú ìwé kan wò lórí bébà kí wọ́n tó tẹ ìyókù, kí àgbà kan tó mọ Yorùbá kà sì kà á sókè. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe èyí fún wa.

Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín, inú ìwé wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rí orúkọ ara wọn pẹ̀lú àmì. Bí a bá kọ ọ́ ní àkọtì, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe gbà á.