Èlé Tó Sọnù àti Orúkọ Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Bàjẹ́
Ọ̀rọ̀ tí Alága bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ní Kánò

  Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí gbogbo wa fi ayọ̀ relé.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ owó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan. Àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ̀ ọ́n rárá. A fẹ́ kí ó wà nínú ìwé ọdún wa kí àwọn ọmọ wa lè kà á.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, sáà akápò àtijọ́ parí, a sì yan ìyá kan sípò náà. A lọ sí báǹkì tí owó ẹgbẹ́ wà láti yí orúkọ àwọn tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé owó padà. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, a kọ ọ́, a fọwọ́ sí i, a sì padà sí ìdí ọjà wa. Láti ọjọ́ náà ni èlé kò wọlé mọ́ sórí owó ẹgbẹ́, a kò sì fura.

Ní ìpàdé oṣù kìíní 2019, akọ̀wé owó ka ìròyìn ọdún. Ẹnì kan dìde, ó ní, "Ní ayé akápò àná, èlé máa ń wọlé lóṣooṣù. Ní ọdún méjì yìí, níbo ni èlé ń wọlé sí?" Ìbéèrè náà kò burú, nítorí owó gbogbo wa ni. Ohun tó tẹ̀lé e ló burú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ọjà, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, pé akápò ti jẹ èlé ẹgbẹ́.

Ìyá náà wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sunkún, kò sì pariwo. Ó gbé àpò ọ̀rá kan kalẹ̀, gbogbo rìsíìtì ọdún méjì ló wà nínú rẹ̀, kò sọ ẹyọ kan nù. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò iye tí èlé náà yẹ kó jẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá gbà pé èmi ni mo gbé e, ẹ jẹ́ kí n mọ iye rẹ̀, kí n tajà san án. N kò fẹ́ kí wọ́n máa fi í bú àwọn ọmọ mi."

A ní láti jẹ́wọ́ níhìn-ín. Àwa aláṣẹ ẹgbẹ́ ti gbọ́ àhesọ yìí kí ìyá yìí tó dé, a sì dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àwa wà lọ́jà, a sì ń wò ó. Ọjọ́ tí ó gbé àpò ọ̀rá náà sílẹ̀ ni ojú tì wá.

A kò lọ sí ilé ìwé gíga. Ọjà Kwari ló kọ́ wa ní ìṣirò, nítorí ẹni tó ń ta aṣọ ní yáàdì tí kò mọ ìṣirò, aṣọ rẹ̀ yóò tán láìrí owó rẹ̀. Nítorí náà a lọ gba ìwé tí báǹkì máa ń tẹ̀ jáde, èyí tí ó ń fi gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde hàn, a sì jókòó tì í ní alẹ́ mẹ́ta.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé. ₦525 ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2017, a gba ₦500,000 láti fi gbé òkú ọmọ ẹgbẹ́ wa kan lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí a sì fi ìyókù ran opó rẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an báǹkì yọ ₦500, wọ́n sì tún yọ ₦25 lé e. A béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó mọ iṣẹ́ báǹkì. Ó ní owó ìtọ́jú àkáǹtì ni ₦500 náà, tí kì í ju ₦1 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tó bá jáde. ₦25 sì jẹ́ owó orí tí à ń pè ní VAT, tó jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà náà. Ó wá sọ ohun tó la ojú wa: orí àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì nìkan ni wọ́n ti ń gba owó ìtọ́jú yẹn. Wọn kì í gbà á lórí àkáǹtì ìfowópamọ́.

Ó ti yé wa. Nígbà tí a lọ yí orúkọ padà, wọ́n ti sọ àkáǹtì ìfowópamọ́ wa di kọ́rẹ́ǹtì. Kọ́rẹ́ǹtì kì í sì í pa èlé bí ti ìfowópamọ́. Kò sí ẹni tó jẹ èlé, nítorí èlé náà kò wọlé rárá.

Ó wá kù kí a mọ iye rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́, kò le. Ní ọdún 2017 àti 2018, òfin Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ni pé èlé orí àkáǹtì ìfowópamọ́ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń pè ní MPR, èyí tí CBN fi ń darí èlé ní gbogbo orílẹ̀-èdè. MPR jẹ́ 14 ní gbogbo ọdún méjèèjì. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún 14 jẹ́ 4.2. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ₦100 tó bá lo ọdún kan yóò mú ₦4.20 wá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú iye owó tó wà nílẹ̀, ẹ fi 4.2 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí 100. Èlé ọdún kan nìyẹn. Ẹ fi iye ọjọ́ tí owó náà fi wà nílẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá pín in sí 365. Nígbàkígbà tí owó bá wọlé tàbí tó bá jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun. Bí tiwa ṣe rí nìyí, a ti yọ àwọn owó wẹ́wẹ́ kúrò kí ó má baà dàrú:

Láti 1 oṣù kìíní 2017, ₦1,200,000 wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 92. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦12,703.56.

Ní 3 oṣù kẹrin, a fi owó oṣooṣù ₦300,000 kún un, ó di ₦1,500,000 fún ọjọ́ 184. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦31,758.90.

Ní 4 oṣù kẹwàá, a gba owó ìsìnkú, ó ku ₦1,000,000 fún ọjọ́ 90. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10,356.16.

Ní 2 oṣù kìíní 2018, a fi ₦400,000 kún un, ó di ₦1,400,000 fún ọjọ́ 364, títí dé òpin ọdún. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦58,638.90.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦113,457.52. Ìjọba máa ń gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún èlé, èyí tó jẹ́ ₦11,345.75. Ó ku ₦102,111.77. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán, nítorí èlé máa ń bí èlé. Èlé ọdún 2017, lẹ́yìn owó orí, ìbá jẹ́ ₦49,336.76. Bí ó bá wọlé bó ṣe yẹ, yóò ti pa ₦1,859.82 míràn ní ọdún 2018, lẹ́yìn owó orí. Gbogbo rẹ̀ wá di ₦103,971.59. Ẹ fi ₦525 tí wọ́n yọ kún un.

A kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, a fi ìwé báǹkì àti ẹ̀dà fọ́ọ̀mù 2016 tì í. Lórí fọ́ọ̀mù yẹn, àkáǹtì ìfowópamọ́ ni a kọ. Ìyá akápò ló tọ́jú ẹ̀dà náà. A fún báǹkì ní ọ̀sẹ̀ méjì, a sì sọ fún wọn pé bí wọn kò bá dáhùn, a ó lọ sí ẹ̀ka tó ń gbèjà oníbàárà ní CBN. Wọn kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n dá àkáǹtì padà sí ipò rẹ̀, wọ́n sì san owó náà. Èyí tí wọ́n san ju tiwa lọ díẹ̀, nítorí pé lóṣooṣù ni wọ́n fi ń da èlé pọ̀ mọ́ owó, àwa sì dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ìpàdé pé, a ka lẹ́tà báǹkì sétí gbogbo ilé. Ẹni tó béèrè ìbéèrè ló kọ́kọ́ dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Àwa aláṣẹ tẹ̀ lé e. Ìyá náà ní òun ti gbà, ṣùgbọ́n ó sọ gbólóhùn kan tí a kò gbàgbé: "Ẹ bá ti ka ìwé náà kí ẹ tó ka ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ₦103,971 kò lè ra ilé. Ṣùgbọ́n ó tó láti san owó ilé ìwé fún ọmọ òrukàn. Orúkọ ìyá yẹn, kò sí báǹkì tó lè san án padà bí a bá jẹ́ kó bàjẹ́. Nítorí náà, a fi àwọn nǹkan wọ̀nyí lélẹ̀, fún ẹgbẹ́ àti fún ilé kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ẹ máa gba ìwé báǹkì ní gbogbo oṣù mẹ́ta, kí ẹni méjì jọ kà á. Èkejì, bí ẹ bá lọ yí nǹkankan padà ní báǹkì, ẹ gba ẹ̀dà ohun tí ẹ fọwọ́ sí, ẹ sì wo oṣù tó tẹ̀ lé e bóyá èlé wọlé. Ẹ̀kẹta, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ báǹkì kì í san èlé oṣù tí ẹ bá gba owó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó lọ bá wọn jà. Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè iye èlé, nítorí ó máa ń yí. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, CBN sọ ìdá 30 di ìdá 10. Ní oṣù kẹjọ 2022, wọ́n dá a padà sí 30. Nígbà tí MPR di 27.5 ní oṣù kọkànlá 2024, èlé tó kéré jù di 8.25, ìyẹn ni pé ₦100,000 yóò mú ₦8,250 wá lọ́dún kí ìjọba tó yọ tirẹ̀. Ẹni tó bá fi iye ọdún kan ṣírò ọdún míràn yóò ṣìnà.

Ìkarùn-ún, èyí ló sì ṣe pàtàkì jù: bí owó bá dín, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú bírò kí a tó la ẹnu. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n nínú ogún ọdún náà, ẹni tí wọ́n pa irọ́ mọ́ lè ti kú.

Olúwa yóò fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. A kò ní fi owó ṣòfò, a kò ní fi orúkọ ara wa ṣòfò. A ó lọ, a ó bọ̀, a ó bá ilé láyọ̀.