"Sans doute" kì í ṣe "láìsí iyèméjì"

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń túmọ̀ ìwé ìjọba. Màá sọ ọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo wálé fún ìsinmi. Ìwé kan dé láti ọ́fíìsì kan tí a ti bẹ̀ fún pọ́ǹpù omi. Èmi ni wọ́n pè kí n kà á, torí wọ́n ní èmi ni mo gbọ́ Faransé jù. Ó wà nínú ìwé náà pé iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ "sans doute avant les pluies". Mo dìde, mo gbóhùn sókè: "Láìsí iyèméjì, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dé!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé láìsí iyèméjì lo wí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Àwọn obìnrin ta iṣu wọn ní ọ̀pọ̀ kí owó tí a dá lé ilé kọ̀ọ̀kan lè pé. Òjò rọ̀, òjò dá, ẹ̀ẹ̀rùn dé. A ò rí ẹnì kankan.

Inú bí mi, mo fẹ́ kọ̀wé sí wọn. Ìgbà tí mo tún ìwé wọn kà ni ojú tì mí. Wọn ò purọ́ fún wa. "Sans" ni láìsí, "doute" ni iyèméjì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí Faransé bá so méjèèjì pọ̀, ohun tó ń wí ni pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ fọwọ́ sọ̀yà, "sans aucun doute" ni yóò wí. "Aucun" kékeré yẹn ni mi ò wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Nàìjíríà náà mọ̀ pé "no doubt" Gẹ̀ẹ́sì máa ń rọ̀ nígbà míì, "without a doubt" ló le.

Ti rédíò ńkọ́? Bí wọ́n bá ní lágbájá "serait candidat", wọn ò ní ó ti di olùdíje o. Wọ́n ní à ń gbọ́ ọ ni. Àmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, lọ́jà wa níbí, wọ́n ti ka ìbò rẹ̀ tán!

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ilẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 2013 ti jáde, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà nípa ẹni tó ni oko lè di ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní attestation de détention coutumière. Bàbá kan lè wí pé "mo gbà pé tiwọn ni", kó jẹ́ èrò ọkàn rẹ̀ lásán ló ń sọ. Tí akọ̀wé bá wá kọ ọ́ pé "il reconnaît", bàbá ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda oko. "Mo rò pé tiwọn ni" ì bá ti jẹ́ "il pense", ọ̀rọ̀ ò ní tíì parí.

Èdè wa kò tálákà níbí. Ó jọ pé, mo rò pé, ó dá mi lójú: wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbin pèrègún sí ààlà, kó ní ojú òun ló ṣe. Ẹni tó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀, kó wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àbùkù.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí akọ̀wé máa fi Yorùbá ka ohun tó kọ padà sí etí ẹni tó sọ ọ́, kí onítọ̀hún tó tẹ ìka. Mo rò pé yóò ràn wá lọ́wọ́. Akọ̀wé, "mo rò" ni mo wí o, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́.