Aṣọ Òwú àbí Pampers: Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí tuntun sọ

Ìbà Olódùmarè. Ìbà àwọn Òrìṣà. Ìbà àwọn ìyá wa tí wọ́n pọn ọmọ ní ilẹ̀ Áfíríkà àti ní oko ẹrú. Ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ jókòó sẹ́yìn kí ọmọ má baà dí wa lọ́wọ́, ẹ bọ́ síwájú o. Ẹkún ọmọ kì í ba ilé Òrìṣà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìlédìí ọmọ ni a fẹ́ sọ. A ti gbọ́ tí àwọn kan nínú wa ń sọ pé ìyá tó bá fi Pampers sí ọmọ rẹ̀ nídìí ti kẹ̀yìn sí àṣà. (Gbogbo ìlédìí tí a ń lò sọnù ni a ń pè ní Pampers, bí ẹni pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe é.) Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ìyá kan débi pé wọn kò fẹ́ gbé ọmọ wá mọ́. A kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún wáyé níbí.

Àṣà wo ni wọ́n ń sọ gan-an? Nílẹ̀ Yorùbá, ìró tó ti gbó, tó ti rọ̀, ni àwọn ìyá àgbà ń ya lò. Bí ọmọ bá jí, ìyá á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé ọmọ jókòó lé e, á máa fi ẹnu ṣe “ṣìì”, títí ọmọ á fi ṣe tán. Nápíkìnì funfun onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi pín-ìnnì há, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti dé Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Pampers ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti dán an wò lọ́jà ní 1961, ní ìlú Peoria. Sẹ́ǹtì 10 ni ẹyọ kan, àwọn ìyá kò rà á tó. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ di sẹ́ǹtì 6 ló tó tà.

Àwọn tó fẹ́ràn aṣọ ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò pé ní 2018, ìlédìí tó tó mílíọ̀nù 3.3 tọ́ọ̀nù ni wọ́n kó lọ sí ààtàn. Àwa tí a wà ní Chicago kò gbọdọ̀ béèrè pé ààtàn ta ni. Altgeld Gardens, tí wọ́n kọ́ fún àwọn ènìyàn wa ní 1945, ààtàn àti ilé iṣẹ́ olóòórùn ló yí i ká. Hazel Johnson, tó dá People for Community Recovery sílẹ̀ ní 1979, lọ láti ilé dé ilé níbẹ̀, ó ń béèrè àìsàn tó ń ṣe àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó kú ní 2011. A kò ní ìlédìí ló fa gbogbo rẹ̀ o, ṣùgbọ́n a mọ ẹnu ọ̀nà ẹni tí wọ́n máa ń da ìdọ̀tí sí.

Síbẹ̀, ní 2008, ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń mójú tó àyíká ṣírò èéfín tí ìlédìí ọmọ kan ń fà fún ọdún méjì ààbọ̀. Ti aṣọ jẹ́ nǹkan bíi kílógíráàmù 570, ti Pampers 550. Ọwọ́ afọṣọ ni ìyàtọ̀ wà. Bí ó bá ń fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́ nígbà gbogbo, aṣọ burú jù. Bí ó bá kó o kún ẹ̀rọ ìfọṣọ, tó sá a, tí àbúrò ọmọ náà sì tún lò ó, aṣọ borí.

Ẹ wá wo ìyá tó ń gbé àjà kẹta, tí kò ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, tó ń gbé ẹrù lọ fọ̀ nínú yìnyín. Ibi tí wọ́n ti ń bá a tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án ní Pampers nìkan ni àwọn ń gbà. Owó oúnjẹ ìjọba, SNAP àti WIC, kò sì gba kí a fi ra ìlédìí. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní New Haven, Connecticut, ròyìn pé nínú obìnrin 877 tí wọ́n bi léèrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí kò ní ìlédìí tó. Ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ló ń pẹ́ nínú ọ̀rinrin tí ìdí fi ń bó. Ẹni tó bá fẹ́ kó lo aṣọ, kó bá a fọ̀ ọ́.

Nítorí náà, tẹ́ḿpìlì ni yóò ní aṣọ náà. Ìdì kan jẹ́ 36, ó tó fún ọmọ kan bí a bá ń fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjì-méjì. Bí ọmọ bá dàgbà, ẹ dá a padà fún ẹlòmíràn. Ẹ gbọn ìgbẹ́ sí ṣáláńgá kí ẹ tó kó o wá. Ẹ má fi oògùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, kì í jẹ́ kó fa omi mọ́. Ní òtútù, a óò sá a sí yàrá ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná. Kọ́bọ́ọ̀dù Pampers yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; ẹ mú èyí tí ẹ bá nílò, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín ní ìdí.

Sátidé tó ń bọ̀, aago 10 àárọ̀, ni ìfọ̀ kìíní. Àwọn bàbá ni yóò kọ́kọ́ fọ̀.